Kúkísì láti inú páálí kéèkì: kí ló dé tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣé a sì lè pè é ní ti ilé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, lápá ọjà Òkè-Àjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi páálí kéèkì mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n ti po fúláwà àti ṣúgà àti gbogbo nǹkan pọ̀ sínú ọ̀rá. Ó ní kí n má fi ṣe kéèkì, kí n fi ṣe kúkísì: páálí kan, ẹyin méjì, ààbọ̀ ife òróró, ó tán. Mo ṣe é. Gbogbo rẹ̀ yọ́ pọ̀ lórí tíréè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, òróró ń dán lára rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe èkejì, mo fi omi díẹ̀ sí i nítorí mo rí i lẹ́yìn páálí pé omi wà nínú ìlànà. Ìyẹn wá di kéèkì pẹlẹbẹ. Ó ku páálí kan ṣoṣo. Níbo ni mo ti ṣì í?

Èkejì: ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀tàn ni kéèyàn fi páálí ṣe kúkísì, kó wá máa tà á ní «kúkísì ilé». Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

———

Àbúrò, kú ìnáwó. Má tíì já páálí kẹta. Yí i wò, wá ìwọ̀n rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ páálí lápá iwájú, níbi tí wọ́n kọ oz (áúnsì) àti g (gíráàmù) sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò purọ́ fún ọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì máa ń dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlànà ẹyin méjì àti ààbọ̀ ife òróró tàn ká, páálí kan jẹ́ 18.25 oz, ìyẹn gíráàmù 517. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ di 15.25 oz, gíráàmù 432. Àwọn kan tún ti sọ̀kalẹ̀ sí 13.25 oz, gíráàmù 375. Ojú páálí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àwòrán kéèkì ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn bí òun náà ṣe gbọ́ ọ. Ẹyin ò dín, òróró ò dín, ìyẹ̀fun nìkan ló ń dín. Nígbà tí ìyẹ̀fun tó yẹ kó fa òróró mu kò sí níbẹ̀ mọ́, òróró á wá ibi tí yóò ṣàn gbà.

Èmi kì í ka «páálí kan» mọ́. Ìwọ̀n ni mo ń kà. Fún gíráàmù 100 ìyẹ̀fun inú páálí, òróró mìlílítà 23. Tí tìrẹ bá jẹ́ 432, òróró 100 ló gbà. Tó bá jẹ́ ọ̀rá 500 tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, 115 tó o. Ẹyin méjì kéékèèké tó fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ «ti ilé» yẹn, màá padà sórí rẹ̀. Ó ká mi lára gan-an, mi ò fẹ́ fi ìkánjú sọ ọ́.

———

Olùbéèrè ti dáhùn. 13.25 ló wà lára páálí kẹta, ó sì ní irú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi kún un pé ife tí òun fi wọn òróró jẹ́ ife tí wọ́n pín níbi ìwúyè kan, èyí tó ní àwòrán lára.

Á à, ife ìwúyè! Àbúrò, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Ṣàgámù nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. «Ife» tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ jẹ́ mìlílítà 240, ààbọ̀ rẹ̀ 120. Èyí tó wà nílé wa lè gba 300, ó lè gba 350, ẹni tó ṣe é kò ro ti kúkísì. Ṣe báyìí: já ọ̀rá omi 50 cl kan, dà á sínú ife yẹn títí yóò fi kún, kí o wo èyí tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi, omi tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá mẹ́ta ọ̀rá náà mọ́. Ife tèmi ń gba nǹkan bí 340. Ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170. Òróró 170 nínú ìyẹ̀fun 375, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 87 ló yẹ! Kò sí fíríìjì tó lè gba irú ìyẹn là.

Tí o kò bá ní ife tí wọ́n fàlà sí lára, lọ sí ilé egbòogi, ra síríńjì tuntun kan tó ń gba mìlílítà 20, má gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Fà á lẹ́ẹ̀mẹrin kó kún, fa 7 lé e. Ó parí. Ohun tí mo ń lò títí di òní nìyẹn tí síkéèlì mi bá kú.

Ẹyin: fún 375, po méjì pọ̀ nínú abọ́, yọ ṣíbí ìjẹun kan kúrò. Fi èyí tó kù ṣe é.

———

Àwọn èèyàn ti ń dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n kó èrò wọn jọ, nítorí ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wí.

Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní fíríìjì ni oògùn rẹ̀, kí á gbé e sínú òtútù fún wákàtí kan. Ẹlòmíràn ní kí á kàn bu fúláwà lé e títí yóò fi le. Ẹnì kan láti Ìpẹru ní kí á fi òróró sílẹ̀, kí á lo bọ́tà.

Ti fíríìjì: òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà kì í dì nínú fíríìjì bíi ti bọ́tà. Ohun tí ìsinmi ń ṣe ni pé ìyẹ̀fun á ráyè mu ọ̀rinrin, á wá ṣe é yí lọ́wọ́. Ìyẹn sì lè ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì náà, kìkì pé ẹyin wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹyin tútù jókòó nínú ooru ilé wa. Tí kò bá sí iná, mo máa ń ra omi dídì, màá tò ó sínú bàsíà, màá gbé abọ́ lé e lórí, màá dé e. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó.

Ti fúláwà: mi ò gbà. Ṣíbí kan tàbí méjì, bẹ́ẹ̀ ni, fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n tí o bá ń bù ú títí, adùn inú páálí á sá lọ, kúkísì á máa rí lẹ́nu bí ìyẹ̀fun tí kò jinná. Òróró tó pọ̀ jù ni àrùn rẹ̀. Òróró ni kí á dín.

Ti bọ́tà ló yẹ kí á jìjà lé lórí, nítorí a ò sọ ohun kan náà. Ní ọjà wa, májárínì là ń pè ní bọ́tà. Bọ́tà gidi àti májárínì líle tí àwọn oníkéèkì ń lò, ọ̀rá inú wọn tó bí ìdá 80 nínú 100, omi ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Ṣùgbọ́n èyí rírọ̀ tí wọ́n ń tà fún búrẹ́dì, omi inú àwọn kan pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá fi èyí rírọ̀ ṣe kúkísì ti tún fi omi sí i láìmọ̀. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ ike kí ẹ tó rà á. Tí ẹ bá fẹ́ fi bọ́tà rọ́pò òróró fún páálí 432, gíráàmù 115 ni. Kúkísì tó ti inú rẹ̀ jáde máa ń dúró dáadáa, ó sì ń ta sánsán. Tó bá jẹ́ tèmi, májárínì líle ni mo ń lò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òróró ní ìgbà ọyẹ́.

———

Ẹnì kan bi mí pé kí ló wá burú nínú omi, nígbà tí ẹ̀yìn páálí fúnra rẹ̀ ní kí á fi sí i.

Kéèkì ni ẹ̀yìn páálí ń sọ. Béékìn páúdà inú rẹ̀ pọ̀ tó láti gbé nǹkan sókè. Tí omi bá pọ̀, àpòpọ̀ á rọ̀, afẹ́fẹ́ á wọnú rẹ̀, á wú, á dì sójú wíwú yẹn: kéèkì nìyẹn. Tí omi kò bá sí, kò rọ̀ tó láti wú bẹ́ẹ̀. Á wú díẹ̀, á sán lójú, á wá jókòó. Kúkísì nìyẹn. Ẹyin nìkan ló ń fún un ní ọ̀rinrin. Nítorí náà kúkísì páálí kì í le ganrangánran bíi bísíkíìtì oníṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má retí ìyẹn. Ó máa ń rọ̀ láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń dún kéke lẹ́nu, kó yáa fi fúláwà àti ṣúgà ṣe tirẹ̀.

———

Ó yá, «ti ilé».

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà níbí láti àárọ̀. Àwọn kan ní bí wọ́n bá ti já ọ̀rá, kì í ṣe ti ilé mọ́. Àwọn kan ní bí ó bá ti jinná nínú ilé ìdáná rẹ, ó parí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Ẹ̀bà tí mo tẹ̀ nílé lánàá, èmi kọ́ ni mo bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, èmi kọ́ ni mo yan gàrí rẹ̀. Mo rà á ní kóńgò ni. Kò sẹ́ni tó bọ́ sídìí rẹ̀ tó sọ pé oúnjẹ ilé kọ́. Ògì tí a ń fi ṣe ẹ̀kọ, mélòó nínú wa ló ṣì ń rẹ àgbàdo fúnra rẹ̀? Ọwọ́ tó dá a, iná tó se é, ojú tó ṣọ́ ọ, ilé ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà mi ò ní pè é ní ẹ̀tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Ẹni tó ń po gàrí ibòmíràn mọ́ gàrí Ìjẹ̀bú, tó wá ń pe gbogbo rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kí là ń pe ìyẹn? A máa ń bínú, ó sì tọ́ kí á bínú, nítorí kíkan àti gbígbẹ yẹn la san owó fún. Ibi tí mo fàlà sí nìyẹn. Pè é ní «kúkísì ilé», ó dáa. Má sọ pé ìwọ lo po gbogbo nǹkan inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí oníbàárà bá béèrè, sọ fún un pé páálí ni o fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì tọ́jú páálí náà, kí o lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Àlìkámà wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀, nínú òmíràn mílíìkì àti sóyà wà. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ọ̀kan nínú wọn kò mọ̀ bóyá páálí ni tàbí ọwọ́.

Páálí yìí kì í sì ṣe nǹkan àná. Ní Pittsburgh, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ P. Duff and Sons ti ń ta irú ìyẹ̀fun pípò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Nínú ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ tí wọ́n gbà ní 1935, wọ́n ti rí i pé àwọn obìnrin ilé fẹ́ràn kí wọ́n fi ẹyin tútù sí i fúnra wọn ju ẹyin gbígbẹ inú rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé ìjà «ta ló ṣe é» yìí ti dàgbà ju wa lọ?

———

Ẹnì kan láti Òde Rẹ́mọ ní òun kì í ṣe é láìfi ẹ̀pà sí i. Ó dáa. Yan án, bó o, gún un díẹ̀, kó má di lẹ̀bú. Sọ fún ẹni tó ń rà á pé ẹ̀pà wà níbẹ̀, ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè lọ.

Àgbọn gbígbẹ náà dára. Òfíò gígún, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Gàrí ńkọ́? Èèyàn méjì ti béèrè, mo sì ti ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́ mo yí àpòpọ̀ nínú gàrí Ìjẹ̀bú bí a ṣe ń yí i nínú ṣúgà. Ó dà bí ẹni tó bu yanrìn jẹ. Nígbà kejì mo lọ gàrí náà nínú bíléńdà títí ó fi kúnná bí àtíkè, mo sẹ́ ẹ, mo fi ṣíbí ìjẹun méjì sínú páálí fànílà kan, mo sì yọ òróró mìlílítà 5 kúrò. Ìyẹn ló gbé ọkàn mi. Ṣúgà inú páálí pọ̀, ó máa ń kún ẹnu. Kíkan gàrí yẹn mú un wálẹ̀, etí kúkísì sì ń dún. Ọmọ ilé wa tí kì í jẹ nǹkan aládùn jẹ mẹ́rin.

———

Kí n tó gbàgbé: ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lá àpòpọ̀ tútù nínú abọ́. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la lá a dàgbà. Kì í ṣe ẹyin nìkan. Fúláwà inú páálí kò tíì jinná, kòkòrò àìfojúrí lè wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2021, èèyàn 16 ní ìpínlẹ̀ 12 ní Amẹ́ríkà ló ṣàìsàn láti ara ìyẹ̀fun kéèkì bẹ́ẹ̀, kòkòrò E. coli ni wọ́n rí. Ẹ fún wọn ní èyí tó jinná.

———

Ààrò. Olùbéèrè ní gáàsì òun ní ààrò nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà lára bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìkòkò oníyanrìn lòun ń lò.

Ìwọ̀n iná tí à ń wá jẹ́ 175 sí 180 ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C), ìṣẹ́jú 10 sí 12. Tí kò bá sí nọ́ńbà, fi ẹyọ kan ṣoṣo dán an wò kí o tó gbé odindi tíréè wọlé. Tó bá yọ́ tẹ́ lọ kí etí rẹ̀ tó dì, iná kò tíì gbóná tó. Tí ìsàlẹ̀ bá dúdú nígbà tí orí ṣì ń dán, iná ti pọ̀ jù, tàbí tíréè sún mọ́ iná jù. Nínú ìkòkò, jẹ́ kí yanrìn gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí o tó gbé e sí i, kí o fi tíréè méjì léra, nítorí ìsàlẹ̀ ni gbogbo ooru ti ń wá. Má retí kí orí rẹ̀ pọ́n. Yóò jinná, kò ní pọ́n.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó: mo máa ń ki àpòpọ̀ ní ṣíbí kan ṣíbí kan, màá yí i lọ́wọ́ bí ẹni ń yí fùfú kékeré, màá fi ìka méjì sáàárín ara wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 8 màá wo ojú rẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ dán bí ojú tó tutù, lẹ́yìn náà dídán yẹn á pòórá láti etí wá sáàárín, ojú rẹ̀ á sì sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí dídán bá ku ìwọ̀n náírà oníkọ́ìnì kan láàárín, màá gbé e jáde. Ẹni tó bá dúró kó tán pátápátá, gbígbẹ ló máa jẹ. Má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 5, nítorí lórí tíréè gbígbóná yẹn ló ti ń parí jíjinná. Tí o bá gbé e ní kíákíá, á fọ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ.

———

Olùbéèrè padà wá lálẹ́ yìí! Ó ní síríńjì ni òun lò, òróró 87, ẹyin méjì ó dín ṣíbí kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí omi dídì. Ó rí 26. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jó nísàlẹ̀, ìyókù dúró. Àbúrò, inú mi dùn dénú. Mẹ́rin tó jó yẹn, ààrò rẹ lo ń kọ́, páálí ti jáde nínú ẹjọ́.

Ó wá béèrè pé àwọn ẹgbẹ́ ìyá òun fẹ́ kí òun ṣe 300 fún àlejò wọn nígbà Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ṣé kí ẹ̀gbọ́n òun tún fi páálí ránṣẹ́?

Rárá o. 300 á gba páálí bíi 12, owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan á jẹ èrè rẹ tán. Fún iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, po tìrẹ: fúláwà gíráàmù 250, ṣúgà 150, béékìn páúdà ṣíbí tíì kan, iyọ̀ ìka méjì, májárínì líle 125, ẹyin kan, fànílà. Ìyẹn máa fún ọ ní bíi 28 tí o bá ki í bí o ṣe ki ti àná. Ṣe é ní ìdá kan lónìí, fi han àwọn ìyá náà kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó sanwó ìdajì. O lè fi páálí kan ṣe ti orí tábìlì àwọn olórí ẹgbẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n sọ fún wọn èwo ni èwo.

Bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì Iléyá, má ṣe é ṣáájú. Jẹ́ kó tutù títí kan inú kí o tó dé e sínú ike. Tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á làágùn, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tẹ́ bébà sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Má sì tò ó ju ìpele mẹ́rin lọ, ọ̀nà tó lọ sí Ojúde máa ń kún lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni o máa fi gbé e dé ibẹ̀.